Security Engineering (ìwé)

Security Engineering jẹ́ ìwé tí Ross Anderson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge, kọ lórí bí a ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí olè àti oníjìbìtì kò ní lè tètè borí. Ilé-iṣẹ́ Wiley ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2001, ẹ̀dà kejì ní 2008, ẹ̀dà kẹta ní 2020.

Ìpìlẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn oníbàárà báńkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rí i pé owó ń jáde nínú àkáùntì wọn láti ẹnu ẹ̀rọ ATM láìjẹ́ pé wọ́n dé ibẹ̀. Èsì àwọn báńkì ni pé ẹ̀rọ àwọn kò lè ṣàṣìṣe: bí kì í bá ṣe oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ó gba owó, ará ilé rẹ̀ ni. Ọlọ́pàá kan tí ó lọ fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀ ni wọ́n tún gbé lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní ọdún 1994 pé ó fẹ́ lu jìbìtì. Anderson wà lára àwọn onímọ̀ tí ó gbèjà rẹ̀. Nígbà tí ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, báńkì kò gbà kí àwọn onímọ̀ náà yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 1996.

Àpilẹ̀kọ Anderson ti ọdún 1993, Why Cryptosystems Fail, ti fi hàn pé àwọn olè kì í sábà tú àdììtú ìṣírò kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, lẹ́tà nọ́ńbà PIN tí wọ́n jí lójú ọ̀nà, àti àbójútó tí kò péye ni owó ń gbà lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti ní kí báńkì fi ẹ̀rí hàn tàbí kí ó dá owó padà, àwọn báńkì túbọ̀ ń ṣọ́ra.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pá ìdiwọ̀n ìwé náà: ta ni àdánù yóò bọ́ lé lórí? Kí a tó kọ ètò, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó lè kọlù ú, ohun tí ó ń wá, àti agbára tí ó ní. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́, àkọsílẹ̀ ìlera àwọn aláìsàn, agogo ìdágìrì inú ilé àti ìṣàkóso ohun ìjà átọ́míìkì wà lára ohun tí ìwé náà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwé náà gùn púpọ̀; ẹni tí ìṣírò bá sú lè fo orí àdììtú ná, kí ó padà sí i lẹ́yìn náà.

Anderson gbé ẹ̀dà méjì àkọ́kọ́ sórí ìkànnì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó ti ń kọ ẹ̀kẹta, ó ń gbé orí kọ̀ọ̀kan síta kí àwọn òǹkàwé lè tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2024.