Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Dé? Ìtàn Ìwé Àṣẹ Ìwakùsà ní Nàìjíríà

Láti ọdún 2022 ni ẹni tó bá fẹ́ gba àṣẹ ìwakùsà ní Nàìjíríà ti lè béèrè fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì tí ọ́fíìsì Mining Cadastre gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní eMC+. Ẹni tó ń béèrè yóò forúkọ sílẹ̀, yóò yan ilẹ̀ tó ń fẹ́ lórí máàpù, yóò fi àwọn ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, yóò sì san owó. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí ìwé yìí ti ṣẹ̀ wá yóò rí i pé ìbéèrè kan ni wọ́n ti ń fi ṣíwájú láti ọjọ́ pípẹ́: ta ni ó ni ohun tó wà nínú ilẹ̀? Ìbéèrè kejì, èyí tíí ṣe kí ni yóò ṣẹ́kù fún àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, ẹ̀yìn ló máa ń dé.

Ní 1900, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìṣàkóso lọ́wọ́ Royal Niger Company, wọ́n bá iléeṣẹ́ náà ṣe àdéhùn pé yóò máa gba ìdajì owó tí ìjọba bá rí lórí ohun àlùmọ́ọ́nì fún ọdún 99. Wọ́n fi ààlà sí i: láti odò Ọya dé ìlà kan tí wọ́n fà láti Yola lọ sí Zinder. Ìlà lórí bébà ni. Kò sí àgbẹ̀ kan tí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó fà á.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn awakùsà ya wọ Jos nítorí tin, èyí tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Ní 1909 wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní Udi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní Enugu ní 1915. Òfin 1946 wá fi òǹtẹ̀ lù ú pé gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí òmìnira dé, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ẹ̀tọ́ náà bọ́ sí. Ẹni tó ń ṣe oko lórí ilẹ̀ kò ní ìpín nínú ohun tó wà lábẹ́ oko rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí fà, kí ó lọ sí Bukuru tàbí Barkin Ladi lórí òkè Jos. Kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ti di adágún. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi rẹ̀ bomi rin oko ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọdé a sì máa kú sínú rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó gbẹ́ wọn ti kógbá wọlé tipẹ́. Yorùbá ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ìwakùsà, ẹni tí kò rí ibi gbà lọ ni eérú ń tọ̀.

Láti inú àjálù ni òfin àyíká ti wá. Ní 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ìlú kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ọdún yẹn náà ni ìjọba dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká. Ní 1992 ni òfin wá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìlà Yola ti wà, ó ti tó ọdún 92.

Òfin ìwakùsà ti 2007 ló fi ẹsẹ̀ ọ́fíìsì Mining Cadastre múlẹ̀. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin lórí máàpù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 20. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè fún àpótí tó ṣófo ni yóò kọ́kọ́ rí i gbà, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe gan-an nìyí: ó lè sọ ẹni tó ṣáájú, ó sì lè fi hàn bí ilẹ̀ ẹnì kan bá gun ti ẹlòmíràn.

Òfin yìí kan náà kò gbàgbé àyíká. Ẹni tó gba ilẹ̀ fún ìwakùsà, tí àṣẹ rẹ̀ lè tó ọdún 25, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọn yóò fi fọwọ́ sí àyẹ̀wò àyíká rẹ̀, àti títí òun àti àwọn ará ìlú yóò fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ó gbọ́dọ̀ kọ ètò bí yóò ṣe tún ilẹ̀ ṣe, kí ó sì dá owó sí àpò tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: àṣẹ ṣáájú, àyíká tẹ̀lé e. Ọ́fíìsì tó ń fi máàpù pín ilẹ̀ yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fọwọ́ sí àyẹ̀wò àyíká. Wọn a máa pàtẹ àbájáde àyẹ̀wò náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè wá kà á, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn onímọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, mínísítà Dele Alake kéde pé ìjọba ti gba ìwé àṣẹ 1,633 padà lọ́wọ́ àwọn tí kò san owó ọdọọdún wọn. Ó dára. Gbèsè owó kò ṣòro láti kà lórí kọ̀ǹpútà. Gbèsè kòtò ńkọ́?

Àwọn nǹkan kan wà tí àpótí orí máàpù kò lè gbà. Ní 2010, ọmọ tó lé ní 400 ni òjé pa ní Zamfara, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé wọn. Àwọn awakùsà wọ̀nyẹn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wíwa wúrà láìgbàṣẹ wà lára ohun tí wọ́n sọ pé ó sọ omi odò Ọ̀ṣun di pípọ́n. Omi tí wọ́n dà rú ní ẹ̀bá Iléṣà ni yóò ṣàn kọjá níwájú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Odò kì í yà fún ìlà tí a fà lórí máàpù.

Nítorí náà, kí ìjọba má dúró níbi tí a dé yìí. Bí ẹni tó ń béèrè àṣẹ ṣe ń fi igun ilẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ ní pàtó, bẹ́ẹ̀ ni kí ó fi odò, kànga, oko, ibojì àti ojúbọ tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ ní pàtó. Kí ìwé àyíká àti ètò àtúnṣe ilẹ̀ wà lórí máàpù kan náà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbàṣẹ, kí àkópọ̀ rẹ̀ sì wà ní èdè àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Nígbà náà ni ẹni tó bá tẹ àpótí kan lórí fóònù rẹ̀ ní Iléṣà tàbí ní Bukuru yóò rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ni àṣẹ, àti ohun tó ṣèlérí pé òun yóò fi sílẹ̀.