Ihò Ara Páànù: Ìtàn Àtùpà Alágolo ní Agbègbè Ajilete

Kí epo kẹrosíìnì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwo amọ̀, òwú àti epo pupa tàbí àdín ni a fi ń tan iná alẹ́. Àwo náà ṣí sílẹ̀. Kò sí ihò tí ẹnikẹ́ni ní í lu sí i. Epo pupa kì í sì í tètè gbaná. Epo tuntun ni ó mú ọ̀rọ̀ ihò wá.

Ní 1859 ni Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rẹ̀ ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì fi di ọjà tí ọkọ̀ òkun ń kó káàkiri ayé nínú agolo onígun mẹ́rin. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà ní 1889, Kétu àti Sákété bọ́ sí apá Faransé; Ajilete, Ìlaròó àti Òkè-Ọ̀dàn bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n agolo kò mọ ààlà. Àtùpà onígíláàsì wọ́n lójú obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ lálẹ́, nítorí náà tínkà ni ó ń bá a fi agolo mílíìkì tí ó ṣófo ṣe tirẹ̀.

Iṣẹ́ náà dàbí eré lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Páànù agolo fẹ́lẹ́. Bí a bá fi ìṣó gbá a láìsí ohun tí ó gbé e ró, yóò kọ́kọ́ tẹ̀ wọnú, lẹ́yìn náà ni yóò ya. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé e lé orí gbòǹgbò igi tí a gé dábùú, kí igi lè gbá páànù mú yí ìṣó ká. Ìṣó kékeré ni yóò ṣáájú, èyí tí ó tóbi yóò tẹ̀lé e, títí ihò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀pá tí òwú ń gbà kọjá. A kì í jẹ́ kí ó tó o tán: ọ̀pá náà ni yóò fipá ti etí ihò síta, ara etí náà ni òjé tí a fi jó o yóò sì dì mọ́.

Ihò kejì kéré bí ojú abẹ́rẹ́, òun gan-an sì ni ọgbọ́n àtùpà wà. Bí òwú ti ń fa epo sókè, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí ihò yìí, agolo yóò gbóná, oru inú rẹ̀ yóò sì ti epo gba ẹnu ọ̀pá jáde sínú iná. Bí ó bá sì tóbi jù, oru epo yóò jáde pàdé iná.

Nítorí èyí, kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ìjàm̀bá iná ru tínkà. Ní ẹ̀wádún 1980, a da epo mọ́tò pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì ní Èkó, iná sì jó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Epo mọ́tò ń yọ oru láìtilẹ̀ gbóná. Ihò tí ó tọ́ fún kẹrosíìnì kò tọ́ fún un. Tínkà kọ́ ni ó da epo pọ̀.

Iná tọ́ọ̀ṣì alágbára oòrùn ti gba ipò àtùpà alágolo ní ọ̀pọ̀ ilé báyìí. Ìṣó àti òòlù kò tíì sinmi. Páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, ìṣó ni a fi ń lu ihò rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, etí ihò tí ó rí ṣágiṣàgi, tí í ṣe àbùkù lára àtùpà, ni ó sì ń rin ẹ̀gẹ́ náà.