Àyẹ̀wò Ìgbọràn ti Stanley Milgram

Àyẹ̀wò ìgbọràn Milgram ni ọ̀wọ́ ìwádìí tí onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ọmọ Amẹ́ríkà, Stanley Milgram (1933–1984), ṣe ní Yunifásítì Yale, nílùú New Haven, láti oṣù Kẹjọ ọdún 1961 sí oṣù Karùn-ún ọdún 1962. Ó fẹ́ mọ ibi tí èèyàn lásán lè gbọ́ràn dé bí ẹni tó wà nípò àṣẹ bá ní kó ni ẹlòmíì lára. Ọdún 1961 yìí kan náà ni Adolf Eichmann, òṣìṣẹ́ ìjọba Násì, ń jẹ́jọ́ ní Jerúsálẹ́mù, tó ń wí àwíjàre pé àṣẹ lòun tẹ̀ lé nínú ìpakúpa àwọn Júù.

Bí wọ́n ṣe ṣe é

Ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ọkùnrin tí yóò kópa nínú ìwádìí nípa ìrántí, fún dọ́là 4 àti sẹ́ńtì 50 owó ọkọ̀. Ẹni tó bá dé á bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni pé ìkéde yẹn ló gbé òun náà wá. Àwọn méjèèjì á mú bébà láti mọ ẹni tí yóò ṣe olùkọ́ àti ẹni tí yóò ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n “olùkọ́” ni wọ́n kọ sínú bébà méjèèjì. Òṣìṣẹ́ Milgram ni ọkùnrin kejì, oníṣirò owó ẹni ọdún 47.

Òun ni wọ́n á dè mọ́ àga ní yàrá kejì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbàkúùgbà tó bá ṣi ìdáhùn, olùkọ́ á tẹ suwíìsì kí iná gbé e, iná náà á sì máa le sí i láti volt 15 títí dé 450. Irọ́ ni, iná kankan kò gbé akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni iná volt 45 gbé lẹ́ẹ̀kan, kó lè gbà pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ní volt 300, akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbá ògiri. Lẹ́yìn 315, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Bí olùkọ́ bá ń lọ́ tìkọ̀, ọ̀gá tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú á ní kó máa bá a lọ.

Àbájáde

Nínú ọkùnrin 40 tí ìwé àkọ́kọ́ (1963) ròyìn, 26 ló dé volt 450. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ tí Milgram bi léèrè kò retí ju nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 lọ. Iye 26 nínú 40 yìí ni gbogbo ayé mọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e ló kọ́ni jù, torí pé Milgram ń yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú olùkọ́, ìdá 40 nínú 100 ló dé òpin. Nígbà tí ọ̀gá jáde, tó ń fi tẹlifóònù pàṣẹ, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 20. Nígbà tí olùkọ́ méjì míì tí Milgram ti bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ lójú olùkópa, 4 péré nínú 40 ló dé ibẹ̀. Iye àwọn obìnrin tó dé òpin bá ti àwọn ọkùnrin inú ìwé àkọ́kọ́ mu.

Àríyànjiyàn

Àwọn olùkópa làágùn, wọ́n gbọ̀n, àwọn mìíràn bú sẹ́rìn-ín tí wọn kò lè dá dúró. Ní 1964, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Diana Baumrind kọ̀wé pé kò tọ́ láti fi ẹ̀tàn kó irú ìpayà bẹ́ẹ̀ bá ẹni tí kò mọ ohun tó ń gbà sí. Milgram fèsì pé nínú ìwé ìbéèrè tí òun fi ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn náà, ìdá 84 nínú 100 ló ní inú àwọn dùn pé àwọn kópa. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé Gina Perry, tó yẹ àkójọ ìwé Yale wò, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn kedere pé iná náà kì í ṣe òótọ́. Èyí ló wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀sùn náà, nítorí ẹni tó rò pé òun ti pààyàn lára ló gba ilé lọ.

Bóyá wọ́n gba ẹ̀tàn náà gbọ́ ni a kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Díẹ̀ ju ìdajì lọ ló sọ fún Milgram pé ó dá àwọn lójú pé iná ń gbé akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ka èyí sí àmì pé àwọn tó dé òpin ti fura. Àwọn mìíràn ní ẹni tójú ń tì lè sọ pé òun ti fura tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ méjèèjì ní òótọ́ nínú.

Lẹ́yìn náà, òfin ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìwádìí tó kan ènìyàn jáde ní 1974, Ìròyìn Belmont, tó la ìlànà sílẹ̀ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, sì tẹ̀ lé e ní 1979. Ìwádìí ìṣègùn ló ṣokùnfà wọn jù, pàápàá ti Tuskegee, níbi tí wọ́n ti fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ láìtọ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n mú ìwádìí sáíkọ́lọ́jì náà. Lábẹ́ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Jerry Burger tún àyẹ̀wò Milgram ṣe, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009: volt 150 ló ti dá a dúró, ó yọ àwọn tí ọkàn wọn lè má gbà á kúrò, ó sọ fún olùkópa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé wọ́n lè fi í sílẹ̀ láìpàdánù owó wọn, ó sì tú àṣírí ẹ̀tàn náà fún wọn lójú ẹsẹ̀.