Allen Iverson àti Ọ̀fọ̀ Tí Ẹ̀rín Bò Mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2002, Allen Iverson jókòó síwájú àwọn akọ̀ròyìn ní Philadelphia. Boston Celtics ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹgbẹ́ rẹ̀, 76ers, kúrò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA, wọ́n sì ń bi í léèrè ìdí tí kì í fi í wá sí ìgbaradì. Ó pe ọ̀rọ̀ náà, ìgbaradì, ju ogún ìgbà lọ, tìyanu-tìyanu, àwọn akọ̀ròyìn sì ń rẹ́rìn-ín. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ló ń gbé fọ́nrán náà kiri bí ẹ̀rí pé agbéraga tó kórìíra iṣẹ́ ni. Ẹ̀rí yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́.

Níbi ìjókòó kan náà ni Iverson ti sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ òun tímọ́tímọ́ ti kú. Ìbọn ni wọ́n fi pa ọ̀rẹ́ náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn sáà tí ògo Iverson tàn jù lọ. Sáà yẹn ló gba ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ, tó sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àṣekágbá, níbi tó ti dá nìkan gba àmì 48 lọ́wọ́ Los Angeles Lakers nínú eré àkọ́kọ́.

Ìdájọ́ oníwàǹwára ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá a. Lọ́dún 1993, nígbà tó wà ní girama ní Hampton, ìpínlẹ̀ Virginia, wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun nílé eré bowling kan. Ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin kí Gómìnà Douglas Wilder tó ṣíjú àánú wò ó. Lọ́dún 1995, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà: ẹ̀rí ò tó.

Àwọn kan á ní Larry Brown, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, torí aṣáájú tó ń pa ìgbaradì jẹ ń kó àárẹ̀ bá àwọn yòókù. Òótọ́ ni. Ọ̀fọ̀ ò sọ àìwá di wíwá. Ṣùgbọ́n ká bá a wí fún ìgbaradì yàtọ̀ sí ká sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ di àwàdà. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ti ẹni tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń ṣírò eré kì í fo àmì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Iverson ò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.