Àga Ilẹ̀ Ṣáínà àti Ojú Adíyelé

Nígbà tí àwọn ọba ìran Ming wà lórí ìtẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà, láti 1368 títí di 1644, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Suzhou ti ń fi igi líle dárà tí ojú kò rí rí. Ní 1567 ni ààfin tú òfin tí ó ti dí ọ̀nà òkun mọ́ àwọn oníṣòwò, tí igi iyebíye sì ráàyè wọlé láti òkèèrè, bí i zitan, adúdú-bí-aró, arì-sómi-bí-òkúta, tí ó wá di àyànfẹ́ ààfin, ti ilẹ̀ Íńdíà. Ṣùgbọ́n huanghuali aláwọ̀-oyin, olóòórùn dídùn, ti erékùṣù Hainan tiwọn ni. Àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí kì í gbọ́kàn lé iṣó. Wọn a gbẹ́ ihò sára igi kan, wọn a yọ ahọ́n sórí èkejì, ahọ́n a sì wọ inú ihò ṣinṣin. Pákó àárín a sì wà láàárín férémù rẹ̀ láìlẹ̀ mọ́ ọn, kí ó lè wú nígbà òjò, kí ó sì súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìfọ́.

Ṣíṣe àwòṣe ohun àtijọ́ kì í ṣe àṣà tuntun láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun ìtìjú, nítorí pé wíwo iṣẹ́ àgbà ṣe ni ọmọṣẹ́ fi ń di ọ̀gá. Ohun tí ó sọ ọ́ di òwò ńlá ni ìwé. Ní 1944, Gustav Ecke, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde ní Beijing, nínú èyí tí a ti wọn àga àti tábìlì àtijọ́, tí a sì yàwòrán oríkèé wọn; ní 1985 ni Wang Shixiang, ọ̀mọ̀wé tí kò kẹ̀rẹ̀, gbé tirẹ̀ jáde, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè mọ iyì ohun tí wọ́n ti ń fi dáná. Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún: ní 1996, nígbà tí wọ́n gbé 107 irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ta ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ àwòṣe ti ń pọ̀ sí i ní Xianyou, ní Dongyang àti ní agbègbè Zhongshan.

Adíyelé tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ dojú àga délẹ̀, nítorí pé ojú àga lè purọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í sábà mọ irọ́ í pa. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ipa ayùn, bóyá ìlà tí kò dọ́gba tí ọwọ́ ènìyàn fi sílẹ̀ ni, tàbí ìlà rogodo ti ayùn ẹ̀rọ. Yóò wo igi ìtẹ̀sẹ̀ iwájú, bóyá ó jẹ níbi tí ẹsẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí gan-an, tàbí ẹnìkan ni ó fi sáńpépà ha á káàkiri láìronú pé ibi kan náà ni ẹni tí ó jókòó ń gbẹ́sẹ̀ lé. Àwọn oníjìbìtì a máa fi oògùn ra igi tuntun kí ó lè ṣókùnkùn, wọn a sì máa ki eruku bọ àlàfo rẹ̀. Àmọ́ bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Síbẹ̀, àwọn tí ń yọ ṣùtì sí gbogbo àwòṣe ṣe àṣejù, nítorí pé àwòṣe tí a tà ní àwòṣe kì í ṣe ẹ̀tàn, ó sì ní iye tirẹ̀. Kí a wo oríkèé rẹ̀, bóyá ahọ́n àti ihò ni, tàbí gúlúù nìkan ni ó so ó pọ̀. Kí a wádìí bí igi rẹ̀ ti gbẹ tó, nítorí àga tí wọ́n kàn nínú ọ̀rinrin Guangdong lè sán nínú ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú móoru ní Kánádà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a wo ibi tí ó tẹ̀. Apá àga tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, inú igi tí ó nípọn ni a ti í gé e, ìdajì igi a sì di fùlùfúlù. Oníṣẹ́ ahun a na apá náà ní gbọọrọ kí igi má baà ṣòfò. Níhìn-ín ni èmi ti gbà pé ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́, ọjọ́ orí àga ì báà jẹ́ ọdún méjì péré.

Ti igi fúnra rẹ̀ wá ku. Ní 2000, ìjọba Ṣáínà tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa oríṣi 33 igi tí ó yẹ kí a máa pè ní hongmu, igi tí ń tà wàràwàrà nígbà tí huanghuali ti wọ́n ju ojú lọ. Kosso wà lára wọn, igi ọ̀dàn tí ó hù láti Senegal títí kọjá Òkè-Ògùn, tí ó jẹ́ ẹbí zitan, tí ó sì tún jẹ́ ẹbí igi osùn tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ fi kun ara ìyàwó àti ọmọ tuntun. Ọkọ̀ òkun kó ìtì rẹ̀ lọ láti Nàìjíríà bí ẹni pé igbó kì í tán, títí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES fi dè é ní oṣù kìn-ín-ní 2017, tí kò tún sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó o kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Ìbéèrè kan tí kò sí lẹ́nu àwọn adíyelé ayé Ecke ti wá kún ti àwọn adíyelé òde òní báyìí, pàápàá lórí àga tuntun tí ó ń dán gbinrin: inú igbó ta ni wọ́n ti gé igi yìí?