WILLIAM HASTIE: ÀWỌN IPÒ TÓ FI SÍLẸ̀ ÀTI ÀGA TÓ DÌ MÚ

Ìfáárà

Bí àwọn òpìtàn bá dárúkọ William Henry Hastie, "ẹni àkọ́kọ́" ni wọ́n sábà máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe adájọ́ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní 1937. Òun náà ni àkọ́kọ́ tó jókòó ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba náà, ní 1949. Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó bá ka àwọn ipò tí Hastie gbà, tí kò ka èyí tó fi sílẹ̀, kò tíì mọ ìtàn rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irinṣẹ́ ni Hastie ka ipò sí, àti pé àga kan ṣoṣo tó dì mú títí ni ó gba ohun púpọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Knoxville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, 1904. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀. Ó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú àwọn tó jáde ní Amherst College ní 1925, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní Harvard ní 1930. Ní 1933, ó wà lára àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina kò gbà sí ẹ̀kọ́ oògùn pípò nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ náà forí ṣánpọ́n, nítorí pé ilé-ìwé tí ọmọ náà ti jáde kọ̀ láti fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ìjà náà yóò gbà ti là sílẹ̀.

Àwọn Ipò Tó Fi Sílẹ̀

Ààrẹ Roosevelt fi Hastie ṣe adájọ́ ní erékùṣù Virgin Islands ní 1937. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀. Ní 1939, ó fi àga ìdájọ́ sílẹ̀, ó lọ di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní Howard University, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹjọ́rò tí yóò dojú ìjà kọ òfin ìyàsọ́tọ̀. Ẹni tí ọlá nìkan jẹ lógún kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìfipòsílẹ̀ kejì ló lágbára jù. Ní 1940, ó di olùdámọ̀ràn fún Henry Stimson, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun, lórí ọ̀ràn àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú. Amẹ́ríkà bọ́ sójú ogun ní 1941, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àgọ́ dúdú, ọ̀tọ̀ ni ti funfun. Tuskegee ni ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ sí láti kọ́ bàlúù wíwà, wọ́n sì tún ń gbèrò ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀gá ológun tí yóò jẹ́ tiwọn nìkan ní Missouri. Hastie kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1943, ó sì tẹ ohun tí ojú rẹ̀ rí jáde fún aráyé kà.

Lẹ́yìn èyí, òun àti Thurgood Marshall, tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Howard, jọ rojọ́ níwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 1944, wọ́n gba ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú láti kópa nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ Democratic ní Texas. Ní 1946, wọ́n borí òfin Virginia tó ń pín èrò sọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn.

Àga Tó Dì Mú

Hastie ṣe gómìnà Virgin Islands láti 1946 sí 1949. Ní oṣù kẹwàá 1949, Ààrẹ Truman yàn án sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Philadelphia. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kò fọwọ́ sí i títí di ọjọ́ 19, oṣù keje, 1950, nítorí pé àwọn kan ń fura sí àwọn ẹgbẹ́ tó ti bá rìn. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń dájọ́ láìmọ̀ bóyá wọn yóò dá a dúró.

Ẹjọ́ láti Pennsylvania, New Jersey, Delaware àti Virgin Islands ló ń dé ilé-ẹjọ́ yìí. Adájọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń jókòó. Wọn kì í pe ẹlẹ́rìí. Àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá òfin tọ̀nà níbẹ̀. Ọ̀ràn owó orí, ọkọ̀ ojú omi, àti aáwọ̀ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ ló wọ́pọ̀. Ìhà gúúsù ni ìjà àwọ̀ ti gbóná jù, ẹjọ́ ibẹ̀ kò sì dé Philadelphia.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ gbèjà ìhà kan wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí tọ̀tún tòsì. Hastie kò fi àga náà ṣe ibi ìpolongo. Ó ń rìn létí òfin, ó sì ń tẹ̀lé ohun tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti là sílẹ̀.

Ìwà yìí gan-an ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1962, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí Ààrẹ Kennedy gbé yẹ̀ wò. Robert Kennedy sọ lẹ́yìn náà pé Earl Warren, olórí ilé-ẹjọ́ náà, kò fara mọ́ ọn, nítorí pé kò ka Hastie kún àwọn tí yóò ti ìtẹ̀síwájú lẹ́yìn. Byron White ló gba ipò náà. Ní 1967, Marshall, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Hastie ṣe adájọ́ àgbà ilé-ẹjọ́ tirẹ̀ láti 1968 sí 1971. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, 1976.

Ìgúnlẹ̀

Ǹjẹ́ Hastie kẹ̀yìn sí ìjà bí? Ẹ̀rí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní 1943, ipò rẹ̀ ń bo ìwà ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ní Philadelphia, àwọn aláwọ̀ funfun ń gbé ọ̀ràn owó àti dúkìá wọn wá síwájú aláwọ̀ dúdú, ìdájọ́ rẹ̀ sì ń múlẹ̀. Bí ó bá ti ṣègbè, wọn ì bá rí ohun tọ́ka sí láti ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìṣọ́ra tí wọ́n fi dù ú ní ipò gíga jùlọ ni ó fi ṣọ́ àga náà fún wọn.