Ríákítọ̀: Ẹ̀rọ tó ń gbé àpọ̀jù iná mì kó tó ba ọjà jẹ́

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ríákítọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ti átọ́míìkì, irú èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá fi ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná. Ṣùgbọ́n ríákítọ̀ mìíràn wà tí kò ní átọ́míìkì kankan nínú, tí kì í sì í pèsè iná rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé àpọ̀jù mì. Àwọn tó ń ta ẹja dídì àti omi tútù ní Ọjà-Ọba, níwájú ààfin Ẹ́míà Ìlọrin, lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, síbẹ̀ bí iná bá wà tí fírísà wọn kò sì jó, ẹ̀rọ yìí wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí iná ń gbà dé Ìlọrin

Dámù Kàǹjì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968, àti dámù Jẹ́bbà, tí wọ́n parí ní àárín àwọn ọdún 1980, wà lórí odò Ọya. Ìlà iná tó so Kàǹjì mọ́ Jẹ́bbà gùn tó kìlómítà 81, èyí tó ti Jẹ́bbà lọ sí Òṣogbo sì gùn tó kìlómítà 157. Lórí àwọn òpó onírin gàgàrà wọ̀nyí, tí aráàlú ń pè ní háí téńṣọ̀n, agbára tó ń ti iná lọ jẹ́ 330,000 fóltì, ìyẹn 330 kV. Ní Ganmọ, lẹ́bàá Ìlọrin, tiransifọ́mà á sọ ọ́ di 132 kV. Á tún di 33 kV àti 11 kV, kó tó wá di 230 fóltì tó ń wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí àpọ̀jù ti ń wá

Wáyà tó gùn lọ bẹ́ẹ̀ kì í kàn ṣe ọ̀nà lásán. Òun pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń ṣe bíi kapásítọ̀, irú kékeré tó wà lára fáànù: ó ń tọ́jú iná pamọ́, ó sì ń dá a padà. Agbára tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí kì í tan gílóòbù, ṣùgbọ́n ó lè gbé fóltì sókè. Megavar ni àwọn onímọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n. Kìlómítà 100 lórí ìlà 330 kV lè mú nǹkan bíi megavar 40 jáde.

Ní ọ̀sán tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà kún, tí mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta àti ti fírísà ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà á lo agbára náà tán. Ṣùgbọ́n ní òru, tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Fóltì ìpẹ̀kun ìlà á wá ga ju ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Orúkọ Sebastian Ziani de Ferranti, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, nítorí pé lára wáyà abẹ́ ilẹ̀ tó gbé iná láti Deptford lọ sí àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1890.

Àpẹẹrẹ kan nílé nìyí. Ìlà tó ti Kàǹjì lọ sí Birnin Kebbi gùn tó kìlómítà 310. Nípa ìṣirò, bí wọ́n bá ti 330 kV sínú rẹ̀ láìsí ẹni tó ń lo iná ní ìpẹ̀kun, yóò di nǹkan bíi 348 kV kó tó dé ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ òfin ìlà iná Nàìjíríà kò gbà kó ju 346.5 kV lọ, kò sì gbà kó dín sí 313.5 kV. Ibi tí ríákítọ̀ ti wúlò nìyẹn.

Oríṣi ríákítọ̀ àti iṣẹ́ wọn

Wáyà bàbà tàbí alumíníọ̀mù tí wọ́n wé bí okùn ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, agbára òòfà á dìde yí i ká, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n so láàárín ìlà àti ilẹ̀. Òun ló ń gbé megavar tó pọ̀ jù mì. Ó jọ tiransifọ́mà lójú, nítorí pé inú ọ̀sọ̀rọ̀ epo ni irin àti wáyà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í fún ẹnikẹ́ni ní iná. Èyí tó jẹ́ megavar 75 wọ́pọ̀ lórí ìlà 330 kV ní Nàìjíríà. Òmíràn kò ní epo, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Bí àwọn oníbàárà bá ti pọ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lórí ìlà, kó má baà fa fóltì wálẹ̀ jù.

Èkejì ni èyí tí iná gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kó tó lọ síwájú. Bí wáyà méjì bá gbá ara wọn, iná tó máa rọ́ wá lè fọ́ ẹ̀rọ tó yẹ kó já a. Ríákítọ̀ yìí á dín in kù, bí òkìtì tí wọ́n ń ṣe sójú títì ṣe ń dín eré ọkọ̀ kù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi so ojú níútírà tiransifọ́mà mọ́ ilẹ̀. Waldemar Petersen, ará Jámánì, ló ṣe irú rẹ̀ kan ní ọdún 1916, èyí tó ń pa iná tó bá ń ta láti ara wáyà kan sí ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin máa ń wà pẹ̀lú kapásítọ̀ ńlá ní ibùdó iná. Ó ń dá iná tó fẹ́ rọ́ wọ kapásítọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dúró, ó sì ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú iná.

Ẹ̀karùn-ún ń mú kí iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo tẹ́jú. Wọ́n ń lò ó lórí ìlà bíi ti Cahora Bassa, tó ti Mòsáḿbíìkì gbé iná rìn lé ní kìlómítà 1,400 lọ sí Gúúsù Áfíríkà.

Ọjọ́ tí gbogbo iná bá kú

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ẹ̀rọ gbiná lórí ìlà Kàǹjì sí Jẹ́bbà, iná gbogbo orílẹ̀-èdè sì kú. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìṣàn iná bú gbàmù ní ibùdó Jẹ́bbà, òkùnkùn sì tún ṣú. Nínú méjèèjì, ríákítọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tan iná padà ni ìwúlò rẹ̀ máa ń hàn jù. Ìlà òfìfo ni wọ́n á kọ́kọ́ ti iná sí, ìlà òfìfo gan-an ni fóltì sì máa ń ga lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ríákítọ̀ tó tó, ẹ̀rọ ìdáàbòbò á já ìlà náà, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí odo. Ìdí kan nìyí tí iná fi ń pẹ́ kó tó padà, tí ẹja á sì ti yọ́ nínú fírísà.

Ó yẹ kí àwọn oníṣòwò mọ èyí pẹ̀lú: kì í ṣe gbogbo fóltì tó bá ga nínú ṣọ́ọ̀bù ló wá láti orí háí téńṣọ̀n. Bí wáyà níútírà bá já ládùúgbò, 230 lè sún mọ́ 400, kò sì sí ríákítọ̀ tó lè gba fírísà sílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n yára pa iná, kí wọ́n sì ké sí àwọn òṣìṣẹ́ iná, nítorí sítébíláísà kékeré kò lè dúró níwájú rẹ̀.

Ìgbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ iná bá délẹ̀, ohun tí aráàlú máa ń béèrè ni pé kí ìjọba kọ́ dámù sí i. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Àpọ̀jù iyọ̀ ń ba ọbẹ̀ jẹ́ gẹ́gẹ́ bí àìtó rẹ̀. Iná tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń dá a dúró ní ìwọ̀n rẹ̀ kò lè pẹ́ ní Ọjà-Ọba, bó ti wù kí èyí tó ń ti Kàǹjì àti Jẹ́bbà wá pọ̀ tó.